Bí mo ṣe fi ọkọ̀ gbé ajá ọdẹ mẹ́ta láti Òṣogbo dé oko Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo fi ń jẹun ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ ni mí, ajá mẹ́ta ni mo sì ń sìn: Tanímọ̀la, Ẹ̀yìnlàárò àti Sùúrù. (Ẹni tí mo fi orúkọ kejì yẹn bá wí ní àdúgbò wa mọ ara rẹ̀.) Ìlú ọdẹ ni Òṣogbo láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí ọdẹ ni Tìmẹ́hìn tí ìtàn sọ pé òun àti Láróòyè ni wọ́n tẹ ìlú náà dó. Síbẹ̀, ọdẹ òde òní kò rí ibi tí yóò fi ajá dẹ ní tòsí mọ́. Ilé ti gba igbẹ́ tí bàbá mi ń dẹ, bẹ́ẹ̀ ni èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe nínú igbó Ọ̀ṣun, èyí tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Nígbà tí àna mi tí ń dáko ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ránṣẹ́ pé ọ̀yà ti fẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ òun tán, mo pinnu láti kó àwọn ajá náà lọ bá a. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wọ ọkọ̀ rí.

Fídíò àwọn ọdẹ ilẹ̀ New Zealand ni ó là mí lójú. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń lo hẹlikọ́pítà fún ọdẹ níbẹ̀, ní orí òkè tí ọ̀nà ọkọ̀ kò dé, àwọn mìíràn a sì máa gbé ajá wọn dání. Mo ṣàkíyèsí pé wọ́n kì í tú ajá sílẹ̀ rárá bí abẹ̀bẹ̀ bá ń yí, nítorí pé yíyí abẹ̀bẹ̀ kékeré tí ó wà ní ìdí ọkọ̀ náà yá débi pé ojú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Bí wọ́n bá sì ti wọlé, okùn kúkúrú ni wọ́n fi ń de ajá mọ́ ẹsẹ̀ olówó rẹ̀, kí ó má baà fò mọ́ ohun tí awakọ̀ dì mú. Mo ní bí ajá bá lè fara balẹ̀ nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ti píkọ́ọ̀pù kò le.

Orí okùn náà ni mo ti ṣe iṣẹ́ jù. Okùn ọrùn tí gbogbo wa ń lò a máa fún ajá lọ́fun bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá gba àyà kọjá sí abẹ́ apá iwájú, egungun àyà ni yóò gba agbára rẹ̀. Mo ra bẹ́líìtì ìjókòó lọ́wọ́ àwọn tí ń tú ọkọ̀ àlòkù tà, mo wọn àyà ajá kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé mo fẹ́ rán agbádá fún un, mo sì fi òwú ọ̀rá àti abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18 rán an ní ìlà mẹ́ta-mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni ó ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Gígùn okùn tí mo fi so ó mọ́ ara ọkọ̀ kò ju ohun tí yóò jẹ́ kí ajá lè dìde kí ó sì lè dùbúlẹ̀; bí ó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ajá lè fò kọjá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí ó sì pokùn so.

Awakọ̀ tí mo bá sọ̀rọ̀, tí ó máa ń fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ògún ni ó ni irin tí mò ń wà, ajá sì ni oúnjẹ Ògún. Ṣé ẹ wá fẹ́ kí n ru oúnjẹ bàbá mi lẹ́yìn láti ìhín dé Ìpetu ni?"

Mo ní, "Àbúrò, Ògún yìí kan náà ni ó ni ọdẹ. Àwọn ọmọ bàbá rẹ ni o fẹ́ gbé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò wá fọ ìtọ̀ wọn. Mo gbà pé èmi ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú ọkọ̀ tí ó dúró jẹ́ẹ́ ni mo ti ń fún wọn ní oúnjẹ alẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, awakọ̀ a tan ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá ń jẹun. Ẹ̀yìnlàárò ń gbọ̀n fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko kí ó tó fi ẹnu kan abọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a ń gbé wọn yí ká láti Òkè-Fìà dé Ọlá-Ìyá. Mo tún gbé wọn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, ó sì dára tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí káàdì abẹ́rẹ́ náà ni Olúọdẹ Ìpetu kọ́kọ́ béèrè kí ó tó fún wa láyè.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni a gbéra. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn, mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára, ilẹ̀ onírin ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù sì lè gbóná bí agbada bí oòrùn bá ràn. Mo tẹ́ ẹní lé tìmùtìmù, mo ta tàpólìn sókè nìkan, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ kí èéfín sàlẹ́ńsà má baà kó sínú. Láti alẹ́ àná ni mo ti fi ebi sí wọn nínú, tàbí bẹ́ẹ̀ ni mo rò. A kò tíì dé Iléṣà tí Sùúrù fi bẹ̀rẹ̀ sí í yán tí ó sì ń lá ètè, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Kí n tó kan ọkọ̀ kí awakọ̀ dúró, ó ti bì. Àkàrà ni! Àbíkẹ́yìn mi ni ó jí fún un ní àkàrà kí a tó jáde. Ibi tí mo ti ń nu ilẹ̀ ni Tanímọ̀la ti rí ewúrẹ́ tí ó ń kọjá, ó sì ta kìjí sí i. Okùn àyà náà gbé e dúró ṣinṣin, òwú kan kò já.

Nípa ọdẹ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. A ta àwọ̀n sí ẹ̀yìn oko, a so agogo kékeré mọ́ àwọn ajá lọ́rùn, a sì tú wọn láti ọ̀nà odò. Ọ̀yà mẹ́ta ni a mú kí oòrùn tó ga. Mo jẹ́ kí àwọn ajá sùn lábẹ́ igi kòkó títí di ìrọ̀lẹ́, mo yọ ẹ̀gún àti eégbọn lára wọn, mo fún wọn ní omi díẹ̀díẹ̀, a sì padà nígbà tí ilẹ̀ tutù. Awakọ̀ gba itan ọ̀yà kan lé owó rẹ̀. Nígbà tí mo gbé korobá omi dé, ó ní kí n fi ìtọ̀ náà sílẹ̀, òun yóò fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yìnlàárò ni ó wá kù tí mò ń bá fà á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, aládùúgbò mi ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ láti gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Ọjà Ọba, ó sì bá Ẹ̀yìnlàárò tí ó ti jókòó síwájú, tí ó ń retí kí ẹ́ńjìnnì tàn.