Bí mo ṣe gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ṣáájú Iléyá

Oṣù kíkà ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 29 Dhul-Qa‘dah, oṣù kọkànlá nínú oṣù Ìsìláàmù, mo wá oṣù tuntun lójú ọ̀run, mo sì tẹ́tí sí ìkéde. Bí oṣù bá lé, ilẹ̀ tó bá mọ́ ni ọjọ́ 1 Dhul-Hijjah, oṣù Iléyá. Bí kò bá lé, Dhul-Qa‘dah á pé 30. Ẹni tó bá ṣi ọjọ́ kan péré kà lè wà nínú ààwẹ̀ lọ́jọ́ 10, ọjọ́ Iléyá gan-an, èèwọ̀ sì ni.

Kí oṣù tó lé, mo ti san gbèsè ààwẹ̀ Ramadan tán. Mo gé irun àti èékánná pẹ̀lú, nítorí hadisi (ọ̀rọ̀ Ànábì) tí Ummu Salamah, ìyàwó rẹ̀, gbà wá ní kí ẹni tó fẹ́ pa ẹran má fọwọ́ kàn wọ́n títí yóò fi pa á. Èyí kò kan ààwẹ̀ o: ẹni tó gé èékánná, ààwẹ̀ rẹ̀ ṣì wà.

Alaalẹ́ ni mo ń dá àníyàn, ìyẹn ìpinnu ọkàn láti gba ààwẹ̀, torí madh-hab (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Maliki kò gba àníyàn tó bá dé lẹ́yìn tí àfẹ̀mọ́júmọ́ ti là. Madh-hab Hanafi àti Shafi‘i gbà á fún nọ́fílà, ààwẹ̀ tí kì í ṣe dandan, kí oòrùn tó yẹ àtàrí, bí onítọ̀hún kò bá tíì fi nǹkan kan ẹnu.

Orí fífọ́ ló ń lé ọ̀pọ̀ kúrò nínú ààwẹ̀ yìí. Omi tí kò tó ń fà á, kọfí tí èèyàn dá dúró lójijì náà ń fà á. Díẹ̀díẹ̀ ni mo dín kọfí kù ṣáájú. Omi, láti ìṣínu ni mo ti ń mu ún, ife kan lẹ́yìn òmíràn títí di àkókò oorun; bí a bá da gbogbo rẹ̀ mu ní sàárì, ìtọ̀ ni yóò bá lọ. Mo yẹra fún oúnjẹ oníyọ̀ ní sàárì, mo sì fi sàárì sún mọ́ àfẹ̀mọ́júmọ́. Bí oòrùn ti wọ̀ báyìí, dàbínù ni mo fi ṣínu.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé mẹ́sàn-án, kó má jẹ́ kí ọjọ́ 9, ọjọ́ Arafah, bọ́ lọ́wọ́ òun: Ànábì sọ pé ó ń pa ẹ̀ṣẹ̀ ọdún tó kọjá àti ti ọdún tó ń bọ̀ rẹ́. Ẹni tó wà ní Arafah fún Hájì kò ní gbà á. Ànábì fúnra rẹ̀ mu wàrà níbẹ̀ lórí ràkúnmí, níṣojú gbogbo èèyàn.

Ẹni tó ń tẹ̀lé Maliki, tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣínu láìnídìí, yóò san án padà. Kó dúró di ọjọ́ 14, torí ọjọ́ 11, 12 àti 13 kì í ṣe ọjọ́ ààwẹ̀.