Èèpo ni mo pè ní oúnjẹ

Odídẹrẹ́ ló kọ́kọ́ wù mí láti sìn. Bàbá àgbà mi sin ọ̀kan ní Òjé nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìkóódẹ tó bá jábọ́ lára rẹ̀, ìyá àgbà ló ń ṣà á pa mọ́. Nígbà tí mo wádìí, mo rí i pé inú igbó ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ wọn, àti pé láti 2017 ni CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ti sọ ọ́ di èèwọ̀ kí èèyàn kó èyí tí wọ́n mú nínú igbó ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹyẹ tó sì lè lo 40 ọdún, ta ni màá fi lé lọ́wọ́? Mo gbàgbé ẹ̀.

Budgerigar ni mo wá mú, ẹyẹ kékeré tí ìran rẹ̀ wá láti Ọsirélíà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ wò wọ́n kí n tó sanwó. Ẹni tó ń tà wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ mú èyí, jẹ́jẹ́ ló ń ṣe, kò ní yọ yín lẹ́nu." Oníjẹ́jẹ́ yẹn wú ìyẹ́ bí ẹni tí òtútù ń mú, ó dijú lọ́sàn-án gangan, ìgbẹ́ gbẹ mọ́ ọn nídìí. Àìsàn ni, kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́. Àwọn méjì tó ń jà lórí igi ni mo yàn. Akọ ni wọ́n: lókè àgógó, níbi tí ihò imú wà, akọ tó ti dàgbà máa ń ní àwọ̀ búlúù, ti abo a dà bíi kọfí. N kò tíì ṣetán láti tọ́ ọmọ ẹyẹ.

Wẹ́dà kan ní Mókọlà ló ṣe ilé wọn. Mo ní kó fẹ̀ ju kó ga lọ, torí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń fò sí, kí àlàfo irin má sì gba orí ìka kékeré mi. Ó fẹ́ kùn ún lọ́dà, mo ní rárá o, wọ́n máa ń họ irin jẹ. Ẹ̀ka gúáfà ẹ̀yìnkùlé ni mo fi ṣe ibi tí wọ́n ń bà lé.

Mo ra jéró ní Bódìjà. Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ mi ní, "Dádì, wọn ò kọrin mọ́." Mo wo àwo, ó kún. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n ti yó ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ara mi ò lélẹ̀, mo gbé àwo náà, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ: fúú! Èèpo fò bò mí lójú. Ohun tó kù nísàlẹ̀ ò tó hóró mẹ́wàá. Àṣé wọ́n máa ń bó jéró kí wọ́n tó gbé e mì, inú àwo náà ni wọ́n ń da èèpo sí! Ẹyẹ tí kò wúwo ju gíráàmù 40 lọ, ebi ọjọ́ méjì lè pa á. Mo bu òmíràn, wọ́n kọlù ú bíi pé wọ́n ń bínú sí mi.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo àárọ̀ ni mò ń fẹ́ àwo. Mo ń rin karọ́ọ̀tì fún wọn, mo sì ń já ẹ̀fọ́ díẹ̀ sí i, àmọ́ píà ò gbọdọ̀ kan ẹnu wọn, májèlé ni fún ẹyẹ. Mo gbé wọn kúrò ní kọ́rídọ̀ nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀, mo sì gbé wọn jìnnà sí kíṣìnì: páànù tí kì í jẹ́ kí ẹyin lẹ̀ mọ́ ọn, bó bá gbóná jù, èéfín rẹ̀ lè pa ẹyẹ kíá.

Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí èyí tó ní àwọ̀ ewé nínú wọn tó gun ìka mi. Èkejì ṣì ń bù mí jẹ.