Bébà 23 fún Iṣẹ́ Bébà 10: Ìrírí Mi Lórí Títẹ Àlẹ̀mọ́ Ẹ̀yìn Ìwé

Ìwé 640 ni ó wà ní ilé ìkàwé tí mò ń bójú tó nígbà tí mo pinnu láti yọ àwọn àlẹ̀mọ́ àtijọ́ tí a fi ọwọ́ kọ kúrò lẹ́yìn wọn, kí n sì fi èyí tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ rọ́pò wọn. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Àlẹ̀mọ́ 65 ni ó wà lórí bébà A4 kan, márùn-ún márùn-ún lórí ìlà 13, nítorí náà bébà 10 yóò tó, yóò sì ṣẹ́ kù. Mo ra 12 kí n má baà há. Nígbà tí iṣẹ́ náà yóò fi parí, bébà 23 ni mo ti lò, mo sì ti sanwó àtúnṣe fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí nǹkan kan kò ṣe. Owó àtúnṣe yẹn ni ó ṣì ń dùn mí jù, òun ni ó sì mú mi kọ èyí.

N kò ní pẹ́ lórí bí a ṣe ń fún ìwé ní nọ́ńbà. Ẹni tí ó bá ń tọ́jú ìwé ti mọ ètò Dewey, èyí tí a fi ń fún ìwé ní nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó dá lé, ó sì mọ̀ pé lábẹ́ nọ́ńbà ni a ń kọ lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé sí. Mo to gbogbo rẹ̀ sínú Excel, mo fi Word gbé wọn sórí àwòṣe tí ó bá ìwọ̀n àlẹ̀mọ́ náà mu, èyí tí í ṣe mìlímítà 38.1 ní fífẹ̀ àti 21.2 ní gíga, mo sì tọ́jú rẹ̀ bíi PDF. Lẹ́yìn náà ni mo ki bébà 10 bọ inú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì lọ jókòó bí ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, àwọn ìlà àárín dára, wọ́n gún régé. Ṣùgbọ́n bí ojú mi ṣe ń gòkè ni ọ̀rọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, bí ó sì ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń sún sókè, tí ó fi jẹ́ pé ní ìlà àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, ibi tí a ti gé àlẹ̀mọ́ sọ́tọ̀ gba orí lẹ́tà kọjá. Inú bí mi, mo ya bébà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ìwà òmùgọ̀ ni, torí pé àwọn tí ó wà láàárín ìbá wúlò.

Mo ránṣẹ́ pe ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kò tí ì jókòó tán tí ó fi ní rólà tí ń fa bébà ti jẹ, pé bébà ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́ létí mi, mo sì gbà kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó fi bébà àlẹ̀mọ́ méjì tí ó kù dán an wò, àbájáde kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ rárá. Ó wá ní, “Ọ̀gá, bébà yín ni kò dára,” ó gba owó rẹ̀, ó sì lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó ronú bí ó ti yẹ kí n ti ronú láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí bébà bá ń yọ̀, kò yẹ kí ó máa yọ̀ ní iye kan náà lórí gbogbo bébà, kò sì yẹ kí àárín máa tọ́ nígbà gbogbo. Mo mú rúlà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kìíní dé ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kẹtàlá yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 254, ṣùgbọ́n 247 ni ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ jẹ́. Mo wá wọn ìbú rẹ̀, mo sì rí i pé òun náà ti sún kì. Ibẹ̀ ni ojú mi là: rólà lè da gígùn bébà rú, ṣùgbọ́n kò sí bí rólà yóò ṣe fún ọ̀rọ̀ pọ̀ láti ọ̀tún àti òsì. Kọ̀ǹpútà ni ó ń dín iṣẹ́ mi kù sí ìdá 97 nínú 100.

Mo ṣí ojú ibi tí a ti ń pàṣẹ ìtẹ̀wé, mo sì bá “Fit” níbẹ̀, tí a ti yàn án láìbi mí. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń sún ojú ìwé kì kí etí rẹ̀ má baà bọ́ sí ibi tí ẹ̀rọ kò lè tẹ̀. Fún lẹ́tà tí a kọ sí ènìyàn, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Fún àlẹ̀mọ́, ìparun ni. Mo yí i sí “Actual size”, ìyẹn ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lásán, mo gbé e lé bébà àlẹ̀mọ́ tuntun, mo sì nà wọ́n sójú iná. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sáàárín àpótí rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni ìdánwò yìí gbà, bébà lásán kan ni ó sì ná mi. Òun ni ẹ máa fi ṣáájú.

Ibi tí mo ti lè yangàn díẹ̀ ni ti lẹ́tà mẹ́ta. Excel ń ka àmì ohùn tí ó wà lórí Ọ̀ sí lẹ́tà kan lọ́tọ̀, nítorí náà orúkọ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ọ̀ṣ” ń jáde ní lẹ́tà méjì péré. Mo ti rí i kí n tó tẹ ohunkóhun: mo yọ àmì ohùn kúrò, mo fi àmì ìsàlẹ̀ Ọ, Ẹ àti Ṣ sílẹ̀, ó sì yanjú. Ṣùgbọ́n ojú tí ó rí èyí kò rí òdo. Lẹ́yìn tí bébà 10 tuntun ti jáde dáadáa, tí mo sì ń lẹ̀ wọ́n, ni mo rí i pé ìwé atúmọ̀ gbogbo ìmọ̀ tí ó yẹ kí ó jẹ́ 030 ti di 30, tí 005 sì di 5. Excel ti gé òdo iwájú dànù. Ìwé 41 ni ó kàn, bébà kan sì tún lọ sí i. Kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà kankan sínú Excel, ẹ yí òpó tí yóò wà sí “Text”.

Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ ti lésà, ẹ má dá bébà tí ẹ ti ṣí àlẹ̀mọ́ díẹ̀ lára rẹ̀ padà sínú rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí ó wà níta lè lẹ̀ mọ́ ibi gbígbóná inú ẹ̀rọ, ìyẹn ni yóò sì jẹ́ àtúnṣe gidi. Láti lẹ̀ wọ́n, mo gé páálí tí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3, òun ni mo fi ń wọn ibi tí àlẹ̀mọ́ yóò jókòó sí láti ìsàlẹ̀ ìwé. Àwọn ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀yìn wọn kò gbà á, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn. Bébà kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́ kù nínú bébà àlẹ̀mọ́ 12 mìíràn tí mo rà. Mo ti fi bírò pupa kọ “Actual size” sára rẹ̀, gàdàgbà.