Antivirus tó kọ̀ tí kò kúrò nínú kọ̀ǹpútà ilé: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹ̀gbẹ́ ọgbà LAUTECH, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wà. Ọ̀rọ̀ antivirus tó kọ̀ tí kò lọ ń gbé èèyàn wá bá mi léraléra, mo sì ti rí i pé ìkánjú ló máa ń sọ ìṣòro kékeré di ńlá. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí rèé, pẹ̀lú ohun tí mo fi dá wọn lóhùn.

Ìbéèrè: O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Sábó ni mò ń gbé. Láptọ́ọ̀pù tí ọmọ mi rà fún mi ní antivirus kan nínú, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni fún ọjọ́ 30. Láti ìgbà tí ọjọ́ náà ti pé, kò jẹ́ kí n rímú mí: kí n sanwó, kí n sanwó. Mo wọ Settings, mo tẹ Uninstall. Ó ṣe é dé ìdajì, ó dúró. Ní báyìí, orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn ètò mọ́, àmọ́ àmì rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó sì tún ń yọjú. Mo ní kí n pa fódà rẹ̀ rẹ́, kọ̀ǹpútà ní n kò láṣẹ. Kọ̀ǹpútà tèmi! Ta ló tún wá láṣẹ jù mí lọ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé, mà. Ibi tí ẹ parí ọ̀rọ̀ sí yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo antivirus bí ọlọ́dẹ tí a gbà sẹ́nu géètì. Olè tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọlọ́dẹ ló máa kọ́kọ́ dè mọ́lẹ̀ kó tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáírọ́ọ̀sì burúkú ṣe máa ń wá antivirus kiri kó lè pa á. Nítorí èyí ni àwọn tó ṣe antivirus fi kọ́ ọ pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fáìlì rẹ̀, bí ẹni náà tilẹ̀ ní òun ni onílé. Apá kan rẹ̀ wà tí à ń pè ní dráífà. Ìyẹn ti máa ń jí pẹ̀lú Windows kí ẹ tó débi tí ẹ ó ti tẹ páswọ́ọ̀dù. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín yín àti fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ orúkọ yín.

Ẹ fi fódà yẹn sílẹ̀. Ẹni tó gba ọlọ́dẹ síṣẹ́ ló lè dá a dúró, ìyẹn ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe antivirus náà. Wọ́n mọ̀ pé Uninstall máa ń há, torí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣe irinṣẹ́ kékeré kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó yọ ẹrù wọn kúrò lọ. McAfee ń pe tiwọn ní MCPR, Avast ní avastclear, Kaspersky ní kavremover, ESET ní ESET Uninstaller. Ti Norton ń jẹ́ Remove and Reinstall. Tí ẹ bá lò ó, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Remove Only sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á yọ ọ́ tán, á tún dá a padà. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Orí ojúlé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti gbà á. Tí ẹ bá wá a lórí Google, ìpolówó ló sábà máa ń wà lókè, àwọn mìíràn nínú wọn á sì kó ètò tí ẹ kò béèrè fún wọlé.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ da àwọn fọ́tò àti ìwé yín kọ sórí fláàṣì, kí ẹ sì rí i pé bátìrì kún. Tí NEPA bá mú iná lọ lágbedeméjì, tí bátìrì kò sì dára, iṣẹ́ á tún há bíi ti àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Restart. Mo ní Restart, mà, kì í ṣe Shut down. Lórí ọ̀pọ̀ Windows òde òní, Shut down kì í pa gbogbo nǹkan tán; ó máa ń tọ́jú apá tí dráífà wà kó lè tètè jí lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ń pe ìyẹn ní Fast Startup. Mo ti rí Uninstall tó jẹ́ pé Restart nìkan ló ń dúró dè, tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà sì ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ Shut down lálaalẹ́.

Tó bá jí tán tí àmì náà ṣì wà, ẹ ṣí irinṣẹ́ yẹn: ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Run as administrator, kí ẹ ṣe ohun tó bá ní kí ẹ ṣe. Ẹ má pa á bó bá dà bíi pé ó dákẹ́. Ó lè pẹ́. Bó bá parí, á ní kí ẹ tún Restart. Ẹ ṣe é lójú ẹsẹ̀.

Bí èyí náà kò bá ràn án, Safe Mode ló kù. Níbẹ̀, Windows máa ń jí pẹ̀lú nǹkan díẹ̀ péré, ọ̀pọ̀ dráífà antivirus ò sì ní lè jí. Ẹ di bọ́tìnnì Shift mú kí ẹ fi tẹ Restart, kí ẹ wá yan Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kí ẹ tẹ 4. Ti ESET, inú Safe Mode ni wọ́n ti ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó wọ ibẹ̀, ẹ lọ sí aka.ms/myrecoverykey lórí fóònù, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ BitLocker yín (BitLocker ni àgádágodo tí Windows fi ń ti ohun inú kọ̀ǹpútà pa) sílẹ̀. Nọ́ńbà 48 ni. Kọ̀ǹpútà lè béèrè rẹ̀ lójijì, ẹni tí kò bá sì ní in lè pàdánù gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ mi, torí kò sí ohun tí mo lè ṣe fún ẹni tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí.

Ìbéèrè: Tó bá wá lọ tán ńkọ́? Ṣé kọ̀ǹpútà mi kò ní wà ní gbangba láìsí ààbò?

Ìdáhùn: Rárá, mà. Windows 10 àti 11 ní tiwọn tí wọ́n bí mọ́ wọn, Microsoft Defender. Ó máa ń fẹ̀yìn sápá kan bí antivirus mìíràn bá wà, kí ọlọ́dẹ méjì má baà máa mú ara wọn lólè lẹ́nu géètì kan náà. Tí èkejì bá kúrò, á jí fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí Windows Security, ẹ tẹ Virus & threat protection. Tí orúkọ antivirus àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, kò tíì lọ tán. Ẹ tún irinṣẹ́ náà lò. Fún ilé, Defender tó. Ohun tí mo máa béèrè lọ́wọ́ yín ni bóyá Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, torí Microsoft parí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ rẹ̀ ní October 14, 2025. Ẹ wò ó bóyá ó lè gba 11.

Tí ẹ bá ti fún ilé-iṣẹ́ náà ní nọ́ńbà káàdì báǹkì yín rí, yíyọ antivirus kò dá owó dúró o. Ẹ wọ àkáǹtì yín lọ́dọ̀ wọn, ẹ pa auto-renewal, ìyẹn ìsanwó tó ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Under G ni mò ń gbé. Mo wọ Safe Mode, mo pa gbogbo fódà antivirus náà rẹ́. Ní báyìí Wi-Fi ní òun ti so, ṣùgbọ́n kò sí ojúlé kankan tó ń ṣí. Mo ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ wa.

Ìdáhùn: Fọkàn balẹ̀, àbúrò. Antivirus náà ti dúró sójú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì láti máa yẹ ohun tó ń wọlé wò. O ti yọ òun, ṣùgbọ́n Windows ṣì ń gbé gbogbo nǹkan gba ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣí Command Prompt (ojú ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún Windows) gẹ́gẹ́ bí administrator, tẹ netsh winsock reset, kí o Restart. Bí kò bá yí padà, lọ sí Settings, Network & internet, Advanced network settings, Network reset; mọ̀ pé yóò gbàgbé páswọ́ọ̀dù Wi-Fi rẹ. Bó bá ṣì kọ̀, fi fóònù gba antivirus yẹn kan náà, fi sí i padà, kí o wá fi irinṣẹ́ wọn yọ ọ́. Ó dà bíi kéèyàn padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣiṣẹ́.

Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Mo pa fáìlì dráífà kan rẹ́ nínú láptọ́ọ̀pù oníbàárà, kíbọ́ọ̀dù kú. Mo ki òmíràn sí i, òun náà kò sọ̀rọ̀. Registry, ìwé tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ sí, ṣì ń wá fáìlì tí mo pa kó tó lè jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù ṣiṣẹ́. System Restore, tó máa ń dá Windows padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ló yọ mí, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà, n kì í fọwọ́ pa dráífà mọ́.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, mo ti yọ tèmi pátápátá, síbẹ̀ ó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì márùn-ún ti wọlé, kí n tètè sanwó.

Ìdáhùn: Ìyẹn kì í ṣe antivirus, ayédèrú ni. Ojúlé kan ló béèrè bóyá kí òun máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́, ẹ sì tẹ Allow. Nínú Chrome, ẹ lọ sí Settings, Privacy and security, Site settings, Notifications, kí ẹ yọ gbogbo ojúlé tí ẹ kò mọ̀. Ẹ má tẹ ìkéde náà, ẹ má sì sanwó.

Ìbéèrè: Injiníà, tòkunbọ̀ ni mo rà. Antivirus rẹ̀ ń béèrè páswọ́ọ̀dù kí n tó lè yọ ọ́.

Ìdáhùn: Ẹni tàbí ilé-iṣẹ́ tó ni kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀ ló fi páswọ́ọ̀dù yẹn sí i. Ẹ wo Settings, Accounts, Access work or school. Tí orúkọ ilé-iṣẹ́ kan bá wà níbẹ̀, wọn kò tíì yọ ọwọ́ wọn kúrò lórí rẹ̀. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, kó yanjú ẹ̀. N kì í fipá ṣí irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, torí mi ò lè mọ bóyá wọ́n jí i ni.

Ìbéèrè: Tí gbogbo ẹ̀ bá wá kùnà ńkọ́?

Ìdáhùn: Reset this PC ni, ìyẹn títún Windows fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ yan Keep my files. Ìwé àti fọ́tò á dúró, ṣùgbọ́n gbogbo ètò tí ẹ fi sí i á lọ. Wọ́n á bi yín bóyá Cloud download tàbí Local reinstall. Ti àkọ́kọ́ lè jẹ dátà tó lé ní 4GB, ti èkejì kì í jẹ dátà. Tí wọ́n bá tún béèrè bóyá kí wọ́n dá àwọn ètò tó bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé-iṣẹ́ padà, ẹ ní No, torí antivirus ọjọ́ 30 yẹn lè wà lára wọn.