Bí mo ṣe tọ́ ọmọ àfòpiná kan dàgbà ní Manchester

Mo fẹ́ ṣẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ kan kúrò lára igi birch ẹ̀yìnkùlé wa, nínú oṣù kẹjọ, àfi bí ẹ̀ka náà ṣe rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Kòkòrò ni! Ó na ara gbọọrọ, kò mira, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló fi di igi mú. Kò lẹ́sẹ̀ láàárín ara, nítorí náà, tó bá fẹ́ rìn, á ká ẹ̀yìn sókè kó tó nà síwájú, bí ẹni ń fi ìka wọn aṣọ.

Biston betularia ni orúkọ rẹ̀. Mo fi í sínú ike ńlá, mo fi àwọ̀n bò ó, mo sì ń fún un ní ewé birch tútù lójoojúmọ́. Àwọ̀ igi tó bá wà lórí rẹ̀ ni ara rẹ̀ máa ń mú. Àwọn onímọ̀ ní Liverpool tiẹ̀ fi ọ̀dà dúdú kun àwọn kan lójú, síbẹ̀ wọ́n mú àwọ̀ igi. Awọ ara ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ìyẹn yà mí lẹ́nu gan-an.

Nígbà tí kò jẹun mọ́, mo bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ike. Ó wọlẹ̀, ó sì di nǹkan pupa dúdú tó ń dán bí èkùrọ́. Òtútù mú débi pé àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e wọlé o: ìta ló ti ń sun òtútù já. Omi díẹ̀ ni mo ń wọ́n sí i, mo sì ri igi kan mọ́ iyẹ̀pẹ̀ de ìgbà tó máa jáde.

Oṣù karùn-ún ló jáde, ìyẹ́ rẹ̀ rún bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Ó gun igi náà, ó rọ̀ síbẹ̀ títí ìyẹ́ fi nà tán: funfun, tó ní tótòtó dúdú. Manchester yìí náà ni wọ́n ti rí èyí tó dúdú bí èédú lọ́dún 1848. Nígbà tó fi máa di 1895, dúdú ti tó 98 nínú 100. Èéfín ilé iṣẹ́ ti kun igi dúdú, ẹyẹ sì ń rí àwọn funfun ṣà jẹ. Lẹ́yìn òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1956 ni funfun bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Tó bá ti dàgbà, kì í jẹun mọ́, nítorí náà n kò dá a dúró. Ní aago mẹ́wàá alẹ́, mo gbé e sórí igi birch yẹn. Ìyẹ́ rẹ̀ gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀, ó sì fò lọ.