Dulcimer tí mo fọwọ́ ara mi kàn ní Kentucky

Ẹni tó bá ti kọ d-r-m nínú ẹgbẹ́ akọrin rí ti gbọ́ ìdajì dulcimer, ohun èlò orin olókùn kan, kó tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n kíkàn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ́, kí n tó mọ̀ ọ́n ta.

Àwọn ará orí òkè Appalachia ní Amẹ́ríkà ló ni ín. Ó gùn, ó tẹ́, okùn rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, orí itan ni wọ́n ń gbé e lé. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì tó tẹ̀dó sí Pennsylvania ni baba ńlá rẹ̀, scheitholt, ti wá. Ní Kentucky tí mò ń gbé yìí, J. Edward Thomas ti Knott County (1850 sí 1933) lẹni tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí: ìbàdí dulcimer tó ń kàn fún bíi ti jìtá, ihò ojú rẹ̀ ní àwòrán ọkàn. Jean Ritchie, akọrin ọmọ Viper, Kentucky níbí náà, ló gbé e dé New York ní ìparí àwọn ọdún 1940 tí àwọn ará ìlú ńlá fi mọ̀ ọ́n.

Igi walnut ni ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ tèmi, spruce ni ojú rẹ̀. Wọ́n ti fi ooru tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí n tó rà wọ́n. Títẹ igi pẹlẹbẹ láì dá a kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń gbé inú fúláàtì. Mo fi gọ́ọ̀mù igi lẹ̀ wọ́n, mo fi kíláǹpù fún wọn mọ́ra, mo fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kò sí wàhálà púpọ̀ níbẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni pákó gbọọrọ tó gba àárín ojú rẹ̀ kọjá, tí fúrẹ́ẹ̀tì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń tẹ okùn mọ́, ń jókòó lé. Láti d dé d tó ga, fúrẹ́ẹ̀tì méjìlá ni jìtá ní. Méje péré ni ti dulcimer, wọ́n ti yọ èyí tí orin ò nílò dànù.

Láti egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn gùn lé lápá òsì dé èyí tó wà lápá ọ̀tún, mílímítà 700 ni mo fi í sí. Ẹ pín 700 sí 17.817, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wá àyè fúrẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí 39.3. Ibẹ̀ ni fúrẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ìbá wà lórí jìtá. Dulcimer fo ìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 700, ẹ tún pín èyí tó kù sí 17.817, ẹ ó rí 37.1. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: 76.4. Fúrẹ́ẹ̀tì kìíní dulcimer nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá a lọ: 144.4, 175.6, 232.8, 283.8, 307.1, títí dé 350, ìdajì okùn gẹ́lẹ́. Ẹ wo bí ìkejì àti ìkẹta ṣe sún mọ́ra, àti ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Àwọn akọrin á ti fura: t sí d nìyẹn, àti m sí f.

Ọ̀dọ̀ egungun òsì ni mo ti wọn gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń wọ̀n láti fúrẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn, bíńtín tó bá fi ṣì í á máa gorí ara wọn ni. Abẹ ni mo fi fa ìlà, ẹnu pẹ́ńsùlù nípọn jù. Ojú ibi tí mo fi ayùn là gbọ́dọ̀ há fún fúrẹ́ẹ̀tì díẹ̀, kó jẹ́ pé hámà onírọ́bà ló máa gbá a wọlé. Èyí tó bá fọwọ́ lásán wọlé, ọwọ́ lásán náà ló máa yọ ọ́.

Gíga okùn kò gba ẹ̀rọ kankan. Owó-irin sẹ́ńtì mẹ́wàá ni mo tì sí ẹ̀gbẹ́ fúrẹ́ẹ̀tì kìíní, mo gbé ti sẹ́ńtì márùn-ún lé orí ìkeje. Mò ń fi fáìlì ha egungun méjèèjì títí okùn fi fara kan owó náà fẹ́rẹ́.

Mo fa okùn tó nípọn sí ohùn D ti dùùrù, mo fa àwọn yòókù sí A. Okùn tó sún mọ́ ikùn mi ló ń kọ orin. Tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́ rárá, s ìsàlẹ̀ ni. Fúrẹ́ẹ̀tì kìíní l, ìkejì t, ìkẹta d, ìkẹrin r, ìkarùn-ún m, ìkẹfà f, ìkeje s. Àwọn tó kù, d àti s ni wọ́n ń dún láìdákẹ́, bí omele lábẹ́ ìyáàlù. Ọ̀pá kékeré ló wà lọ́wọ́ òsì mi, mo ń fi í yọ̀ lórí okùn, ẹ̀gbẹ́ òsì fúrẹ́ẹ̀tì ni mo sì ń tẹ̀; ike pẹlẹbẹ tí mo gé lára ìdérí ni mo fi ń ta á. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ńlá tí wọ́n ń pè ní goose làwọn àgbà ń lò.

Wọ́n sábà máa ń fi fúrẹ́ẹ̀tì kan kún un lóde òní, láàárín ìkẹfà àti ìkeje. Àwọn tó ń fa okùn orin sí D ló wúlò fún, torí d ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, t kò sì sí lọ́wọ́ wọn láìsí i. Èmi ò fi sí tèmi. Bí mo bá fẹ́ orin tó ń fa ọkàn sílẹ̀, mo kàn máa ń fa okùn orin láti A sí C, màá wá fi fúrẹ́ẹ̀tì kìíní ṣe ilé tí orin ń padà sí, dípò ìkẹta.