Ẹ Jẹ́ Kí Èjìká Gbé Aṣọ: Ìtọ́sọ́nà lórí aṣọ wíwọ̀ fún obìnrin tí ilé ọmọ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àbúrò wa lóbìnrin, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ìwé pélébé yìí wà fún obìnrin tó ń fọwọ́ kan nǹkan bíi bọ́ọ̀lù kékeré lójú ara nígbà tó bá ń wẹ̀, tàbí tó ń ṣe é bíi pé nǹkan fẹ́ já bọ́ lábẹ́ rẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀. Ó wà fún ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú, àti fún aránṣọ tó ń bá a rán aṣọ.

Iṣan kan tẹ́ bí ẹní sísàlẹ̀ ikùn obìnrin, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Òun ló gbé ilé ọmọ, àpò ìtọ̀ àti ìfun ìsàlẹ̀ dúró. Bí iṣan yìí bá dẹ̀, ọ̀kan nínú wọn lè sọ̀ kalẹ̀ sójú ara, nígbà mìíràn á tilẹ̀ yọ síta. Ọmọ bíbí ló sábà ń fà á, pàápàá ìrọbí tó pẹ́ àti ọmọ tó tóbi. Ọjọ́ orí, nǹkan oṣù tó ti dúró, ikọ́ tí kò lọ, ìgbẹ́ líle tí a ń fi agbára yà àti ẹrù wíwúwo tí a ń gbé lójoojúmọ́ máa ń dá kún un. Kì í ṣe àfọwọ́fà, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀san ìṣekúṣe. Mo kọ ìyẹn síwájú nítorí pé mo ti jókòó ti ìyá kan nídìí agbada gàrí, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún ọkọ wọn fún ọdún mẹ́ta gbáko nítorí ìtìjú.

Aṣọ kò lè wò ó sàn. Ṣùgbọ́n aṣọ tó bá ara mu á jẹ́ kí obìnrin rìn, kó jókòó, kó sì ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Èyí tí kò bá a mu á sọ ọjọ́ kan ṣoṣo di ìyà.

Ibi tí a ti ń di aṣọ mọ́ra

Ẹ wo ikùn bí àpò. Tí a bá fún àpò ní àárín, ohun tó wà nínú rẹ̀ á wá ibi tí yóò gbà: díẹ̀ á lọ sókè, díẹ̀ á lọ sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni iṣan tó ti dẹ̀ wà. Ìdí nìyí tí ìró tí a ró pinpin, okùn tòbí tí a fà títí, ọ̀já tí a gbà mọ́dìí nítorí iṣẹ́, àti aṣọ rọ́bà tí wọ́n fi ń fún ikùn pọ̀ kò fi yẹ obìnrin tó wà nínú ipò yìí.

Ìyá tí mo sọ yẹn máa ń ró ìró méjì lé ara wọn, wọ́n á gba ọ̀já lé e, wọ́n á tún so àpò owó mọ́ ọ̀já náà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tú u. Ojú ọ̀já ti là sí wọn lára yípo, ó jìn débi pé ìka lè wọ̀ ọ́. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Háà, ara mi mà fúyẹ́ o." A wá yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ró ìró padà. Ìró kan ṣoṣo ni, a gbé e sókè, a lọ́ etí rẹ̀ sábẹ́ apá lórí ọyàn, a wọ bùbá fífẹ̀ lé e. Àpò owó kúrò ní ìbàdí, a rán okùn sí i, wọ́n sì gbé e kọ́ èjìká. Wọ́n padà sídìí agbada wọn. Nígbà tí mo tún kọjá lọ́sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe múra.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ìwé yìí nìyẹn: ẹ jẹ́ kí èjìká gbé aṣọ. Kàbà fífẹ̀, bùbù, kàbà àdìrẹ tàbí àǹkárá tó ń já gẹẹrẹ láti èjìká dé ẹsẹ̀, gbogbo wọn ló dára. Tí ìró bá wù yín, aránṣọ lè rán àgbékọ́ méjì sí etí rẹ̀ lókè, kó máa gba èjìká wọ̀. Tó bá sì di dandan kí ẹ ró o mọ́ ìbàdí, ẹ jókòó kí ẹ tó ró o, torí ikùn máa ń fẹ̀ sí i bí a bá jókòó. Ẹ fi ìka méjì bọ àárín aṣọ àti ara. Bí ìka ò bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ dẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ aránṣọ

Ẹ jẹ́ kí aránṣọ wọn yín ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ní àárọ̀. Àìsàn yìí máa ń rọlẹ̀ bí a bá sùn mọ́jú, ó sì ń wúwo bí ọjọ́ ti ń lọ. Aṣọ tó bá yín mu ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lè máa fún yín ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ jókòó sórí àga kí ó tó fi téèpù yí ìbàdí yín ká. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò fẹ́ èyí tó mú ara pọ̀ títí dé orúnkún, kí ó fẹ̀ láti abẹ́ ọyàn lọ sísàlẹ̀. Aránṣọ tó gbọ́n ò ní bi yín léèrè ìdí, ẹ ò sì jẹ ẹ́ ní àlàyé kankan.

Ní ti òde ìgbéyàwó, aṣọ òkè wúwo, ìró rẹ̀ sì máa ń yọ́ bí a kò bá fún un, ló fi jẹ́ pé a máa ń fún un ju bó ti yẹ lọ. Bí ọ̀rẹ́ bá mú aṣọ ẹbí wá, ẹ fi rán bùbù. Gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ tó láti gbé ẹwà yín yọ.

Pátá

Níbi tí nǹkan bá ti ń yọ síta, awọ rẹ̀ rọ̀, aṣọ tó bá ń ha á lè bó o, kó di egbò. Pátá òwú ni kí ẹ rà. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, kí ojú rírán má gba àárín gbùngbùn kọjá. Èyí tó ga dé ìdodo sàn ju èyí tí rọ́bà rẹ̀ ń gé abẹ́ ikùn lọ. Tí rọ́bà bá fi àpá sílẹ̀ lára nígbà tí ẹ bọ́ ọ, ó kéré jù. Ẹlòmíràn máa ń rí ìtura nínú pátá tó gbá ìsàlẹ̀ mú díẹ̀, bí ọwọ́ tó gbé nǹkan dúró. Ẹ wọ irú rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ ní àárọ̀, kí nǹkan tó sọ̀.

Ní ti àwọ̀, ẹ wọ pátá funfun tàbí èyí tó mọ́lẹ̀, kí ẹ lè tètè rí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìdọ̀tí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Aṣọ tí ẹ bá wọ̀ lé e ni kí ó dúdú tàbí kí ó ní ọnà púpọ̀, pàápàá tí ìtọ̀ bá máa ń jò díẹ̀ nígbà tí ẹ bá wúkọ́. Ẹ gbé pátá kan àti ìró kan sínú báàgì lọ sí oko tàbí ọjà. Páàdì dára fún ìtọ̀ tó ń jò, àmọ́ inú rẹ̀ máa ń gbóná, ẹ tètè máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi jíìnsì tó há sílẹ̀ ná. Ojú rírán rẹ̀ ń tẹ ibi tó ń dùn yín gan-an.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ki àkísà, álọ́ọ̀mù tàbí àgúnmu kankan sójú ara láti fi dá a padà. Ó ń jó awọ ibẹ̀, ó sì ń fa àrùn.

Ẹ̀ka kan tún kù: sísá aṣọ. Mo mọ̀ pé a máa ń fi pátá pamọ́ sábẹ́ aṣọ mìíràn lórí okùn, tàbí ká sá a sínú yàrá. Oòrùn ni ó nílò. Tí ojú bá ń tì yín, ẹ ta okùn sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ má ṣe sá a sílẹ̀ tàbí sórí koríko, torí eṣinṣin kan wà tó ń yé sára aṣọ tútù. Ìdin rẹ̀ á wọ awọ ara, á di bí eéwo. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Nígbà tí aṣọ kò tó mọ́

Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 wúwo tó kílò 25. Ẹ pín in sí kékeré, tàbí kí ọmọ tàbí ọkọ bá yín gbé e. Bí ẹ bá fẹ́ pọn ọmọ, ẹni tó sún mọ́ yín lè bá yín pọ̀n ọ́n. Ìdárayá iṣan abẹ́ náà wà: ẹ fún ojú ara pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá ìsó dúró, ẹ dì í mú díẹ̀, ẹ tú u, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Dókítà lè fi òrùka rọ́bà sí inú láti gbé e dúró, tàbí kó ṣe iṣẹ́ abẹ.

Bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, bí egbò bá wà, tàbí bí ohun tó yọ bá kọ̀ láti padà nígbà tí ẹ bá dùbúlẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kàbà fífẹ̀ ni kí ẹ wọ̀ lọ, kí ó rọrùn láti ká sókè. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró tì yín bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá há yín lọ́nà ọ̀fun, gbólóhùn kan ṣoṣo ti tó: "Nǹkan kan ń yọ jáde lójú ara mi."